Ìlú Tó Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Ká Wáyà

Ọjọ́ tí iná fẹ́ padà dé sí Ìdí-Àfọ̀n gan-an ni wọ́n rí i pé kò sí wáyà níbẹ̀ mọ́.

Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí abúlé náà, tó wà lọ́nà Ìpáò béèyàn bá ti Ìkọ̀lé jáde, ti wà nínú òkùnkùn. Òpó wà, wáyà wà, tíránsífọ́mà gìrìwò kan wà lẹ́yìn ilé-ìwé, iná nìkan ni kò sí. Ẹyẹ ẹ̀gà ti sọ wáyà di ibùjókòó, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ni. Àfi bí ìdìbò ọdún 2007 ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ara àwọn tó ń fẹ́ ìbò bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá. Ní òwúrọ̀ kan nínú ọyẹ́ oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọkọ̀ iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná já wọ abúlé. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé àkàbà sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá wọn gbójú sókè wo òpó àkọ́kọ́, ó wo ìkejì, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wò ó.

"Wáyà dà?"

"Wáyà wo?" Láyí ọlọ́kadà ló dá a lóhùn láti orí alùpùpù rẹ̀ lábẹ́ igi.

"Wáyà iná!"

"Háà, ìyẹn? A ti ká a."

"Ẹ ti ká a? Ta ló ká a?"

"Gbogbo wa ni," ni Láyí wí, ó sì fi yangàn, nítorí òun nìkan ló gun òpó mẹ́ta nínú wọn.

Kí oòrùn tó mú, àwọn ọlọ́pàá ti dé láti Ìkọ̀lé. Sájẹ́ǹtì Dúródọlá ló ṣíwájú wọn, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ará Ọ̀yọ́ kan tó ti mú olè adìyẹ, olè kòkó àti olè ọkọ̀, ṣùgbọ́n tí kò tíì rí olè tí kò sẹ́ rí láyé rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ Bàbá Adéwùnmí, alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ń ka ẹ̀kọ́ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà lọ́jọọjọ́ Ìsinmi.

"Bàbá, ta ló gé wáyà ìjọba?"

"Àwa ni."

"Ta ló ní kí ẹ gé e?"

"Òfin ni."

"Òfin wo ló ní kéèyàn jalè?"

"A ò jalè. Wáyà ló ń dí oòrùn lọ́wọ́, a sì mú un kúrò lọ́nà."

"Níbo ló wà báyìí?"

"Ẹnjinníà ti kó o lọ. Àwa náà la bá a dì í sínú ọkọ̀. Àwọn Ẹgbẹ́ Ìyá tiẹ̀ kọrin sìn ín dé ojú títì."

Sájẹ́ǹtì wo ojú sánmà bí ẹni tó ń wá olùrànlọ́wọ́. "Ẹnjinníà wo? Kí lorúkọ rẹ̀? Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ dà?"

Bàbá Adéwùnmí kọ̀ jálẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n lóore, ó ní, òun kò ní fi lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Àwọn ará abúlé yòókù náà kọ̀. Nítorí náà ẹni tó jẹ́wọ́ ni Sájẹ́ǹtì mú, ó gbé bàbá arúgbó sẹ́yìn ọkọ̀, ó di Ìkọ̀lé.

Nígbà tí fóònù Láyí fi wọlé ní Adó, Morìnsọ́lá, ọmọ Bàbá Adéwùnmí, jókòó ti iṣẹ́ tó gbà á lọ́kàn jù lọ láyé. Lọ́yà ìjọba ni. Òun ni wọ́n ní kó kọ àbá òfin tí yóò jẹ́ kí Ìpínlẹ̀ Èkìtì lè máa fi oòrùn àti omi odò ṣe iná fún àwọn abúlé. Ó ti ń bá a yí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Láyí tán, ó ní kó tún un sọ. Bó ṣe tún un sọ, báírò rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó sì di ibùdókọ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá Ìkọ̀lé, bàbá rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà, láìsí bàtà lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá yẹn, tí kì í jáde láìfi pólíṣì kun bàtà, ni Morìnsọ́lá rí tí omi fi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Morìn, má sunkún," ni bàbá wí. "Tìtorí uná la ṣe wà níbí. Ohun tó dáa ni."

"Bàbá, ta ló ní kí ẹ ká wáyà?"

"Ìwọ náà kọ́ lo sọ ọ́ lórí rédíò? O ní ìwé òfin ilẹ̀ wa gbà kí ìjọba ìpínlẹ̀ dá uná tirẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wáyà ìjọba àpapọ̀ kò bá dé. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Ẹnjinníà Olúkáyọ̀dé ló wá la ohun tó túmọ̀ sí yé wa. Ó ní wáyà ti dé ọ̀dọ̀ tiwa, nítorí náà a ò sí nínú àwọn tí uná oòrùn máa kàn. Ó ní tí a bá lè ká a kúrò, a ti wọlé nìyẹn."

Morìnsọ́lá rántí ètò rédíò yẹn. Òótọ́ ni, ó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé òfin gan-an ni, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Ọ̀bàyéjẹ́ kan ti mú un lódindi, ó sì ti fi kó wáyà odidi abúlé lọ.

"Olè ni, Bàbá. Ẹ fún mi ní nọ́ńbà rẹ̀."

"Olè? Olè wo ló ń fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó jà lólè? Gílóòbù tó gbé sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú, tó ní ká fi máa wo bí oòrùn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó ń tàn tọ̀sán tòru. Ọjọ́ tí uná yẹn bá kú ni màá gbà pé olè ni."

Sájẹ́ǹtì Dúródọlá tẹ̀ lé Morìnsọ́lá jáde. "Lọ́yà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Nǹkan ìjọba ni wáyà. Ọjọ́ Ajé ni bàbá yóò fojú ba kọ́ọ̀tù. Kì í ṣe pé inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́wọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ bá mi wá ẹlòmíì."

Morìnsọ́lá gun ọkadà Láyí, tó ti ń dúró dè é níta, lọ sí Ìdí-Àfọ̀n. Lójú ọ̀nà, bí eruku ọyẹ́ ṣe ń kún wọn lẹ́nu tó, kò jẹ́ kí ọmọkùnrin náà sinmi.

"Báwo lọkùnrin náà ṣe rí?"

"Ó ga, ó dúdú, àkẹtẹ̀ funfun ló ń dé, èyí tó le koko bí igbá. Tó bá sọ̀rọ̀ òyìnbó, àǹtí, ẹ ó fẹ́ràn rẹ̀."

"Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

"Ó ku tíránsífọ́mà. Ó ní ìyẹn náà ń dí oòrùn lọ́wọ́. Àwọn ará Ìtàjí náà ti ní kó wá bá àwọn wo tiwọn."

Wọ́n dé gbọ̀ngàn ìlú. Lóòótọ́, gílóòbù kan ń tàn lókè ilẹ̀kùn ní ọ̀sán gangan. Lábẹ́ rẹ̀ ni àpótí onírin kan wà tí wọ́n ti àgádágodo mọ́. Wáyà kan ti inú àpótí lọ sí ìdí nǹkan pẹlẹbẹ kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ irin mẹ́rin ní gbàgede. Morìnsọ́lá mọ̀ pé páńẹ́lì oòrùn ló yẹ kó jẹ́, ṣùgbọ́n kò rí àwọ̀ rẹ̀. Gbodo, iṣu gbígbẹ tí wọ́n fi ń ṣe èlùbọ́, ló bò ó láti etí dé etí. Ìyá Títílọpẹ́, opó tí ilé rẹ̀ kọjú sí gbọ̀ngàn, dúró tì í, ó ń fi ọwọ́ yí gbodo náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Màmá, ẹ kú uṣẹ́. Kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Ṣé ìwọ nù un, Morìn? Káàbọ̀. Wọn ò tíì tú bàbá rẹ sílẹ̀? Gbodo ni mò ń sá. Orí nǹkan yìí gbóná ju ojú títì ọlọ́dà lọ, ewúrẹ́ ò sì lè gùn ún."

"Láti ìgbà wo lẹ ti ń sá a síbẹ̀?"

"Láti ọjọ́ kejì tí wọ́n ti gbé e dé. Uṣu ọdún yìí pọ̀, kò sáyè nílẹ̀. Bí mo bá ti kó tèmi, ẹlòmíì á sá ata. Kò ṣófo rí."

Morìnsọ́lá sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹnjinníà mọ̀?"

"Ó mọ̀ kẹ̀! Gbogbo ọjọ́ ọjà ló ń wá wo inú àpótí rẹ̀. Ó tiẹ̀ bá mi tẹ́ ẹ. Ó ní, 'Màmá, gbodo yìí á funfun.' Ọmọ gidi ni. Mo bù fún un kó mú lọ sílé."

Lọ́yà dúró sójú kan. Ó wo gbodo, ó wo gílóòbù tó ń tàn wàì, ó tún wo gbodo. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n láti inú wá, kò sì lè dá a dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá rẹ̀ wà látìmọ́lé. Ó rántí ẹnjinníà gidi tó wá fi páńẹ́lì han ìgbìmọ̀ wọn ní Adó. Ẹnì kan kàn ṣèèṣì gbé fìlà lé páńẹ́lì náà lórí ni, ẹnjinníà yẹn sì fẹ́ bá a jà.

"Láyí, wá. Kí ni oòrùn ń rí jẹ lábẹ́ gbodo?"

Láyí bẹ̀rẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ gbodo.

"Láti ọ̀sẹ̀ wo ni gbodo ti wà níbẹ̀? Ọ̀nà wo ni oòrùn gbà dé ara páńẹ́lì, tí iná fi ń tàn?"

Láyí yíjú padà. Òkúta ló lọ gbé. Ó lu àgádágodo náà títí ó fi já, wọ́n sì ṣí àpótí. Bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan ló jókòó sínú rẹ̀ jẹ́ẹ́, gílóòbù sì ń mu ún lọ díẹ̀díẹ̀, títí di ọjọ́ ọjà tí ẹnjinníà yóò pààrọ̀ rẹ̀. Wáyà tó yẹ kó ti ara páńẹ́lì wá, wọ́n kàn so ó mọ́ ẹsẹ̀ irin bí ẹní so ewúrẹ́ ni. Morìnsọ́lá fi èékánná ha ẹ̀yìn páńẹ́lì, ọ̀dà dúdú sì bá èékánná lọ. Gíláàsì orí tábìlì ni.

"Òpó mẹ́ta!" ni Láyí figbe bọnu. "Òpó mẹ́ta ni mo gùn fún ọkùnrin yìí!"

"Ó sì jẹ gbodo mi," ni Ìyá Títílọpẹ́ wí, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó jọ pé ìyẹn dùn ún ju ọ̀rọ̀ wáyà lọ.

Wọ́n yọ bátìrì náà. Gílóòbù kú. Láyí di bátìrì mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù, ó tún gbé Morìnsọ́lá, ó sì di àgọ́ ọlọ́pàá. Bàbá Adéwùnmí rí bátìrì lórí káńtà. Ó fọwọ́ kàn án, ó fa ọwọ́ sẹ́yìn.

"Èmi ni mo dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ká gbà á gbọ́," ni ó wí. "Èmi ni mo ní kí àwọn ọmọ èèyàn gun òpó. Ojú tì mí, Morìn."

"Bàbá, a lè mú un. Ẹ pè é."

Sájẹ́ǹtì na fóònù tirẹ̀ sí i. Tíṣà àtijọ́ náà tún ohùn ṣe, ó tẹ nọ́ńbà tó ti kọ́ sórí, irọ́ tó wá pa sì dán mọ́rán tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnu fi ya ọmọ rẹ̀.

"Ẹnjinníà, ẹ kú uṣẹ́. Uná ti kú o. Àwọn ènìyàn ti ń kùn. Wọ́n ní bí wọn ò bá rí uná, àwọn ò ní jẹ́ kí ẹ gbé tíránsífọ́mà... Lọ́la? Ẹ ṣé o. Ọlọ́run á bù kún yín."

Lọ́jọ́ kejì, gbàgede gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Wọ́n ti dá gbodo padà sórí gíláàsì, wọ́n sì ti fi àgádágodo tó já kọ́ ẹnu àpótí bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò débẹ̀. Sájẹ́ǹtì Dúródọlá wọ aṣọ oko, ó gbé àdá lé èjìká, òun àti ọlọ́pàá méjì tó kó lẹ́yìn dúró láàárín àwọn àgbẹ̀. Pikọ́ọ̀bù funfun kan dé. Ẹnjinníà Olúkáyọ̀dé sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú àkẹtẹ̀ rẹ̀, ó ń juwọ́, ó ń kí àwọn ìyá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Morìnsọ́lá, tó wé gèlè bí ará oko, bọ́ síwájú. "Ẹnjinníà, kí ló pa iná wa?"

"Ọyẹ́ ni, àǹtí. Oòrùn ọyẹ́ kì í lágbára. Màá ṣàyẹ̀wò àpótí."

"Gbodo yìí ńkọ́? Ṣé kò dí oòrùn lọ́wọ́?"

"Rárá o! Oòrùn ìgbàlódé ni, ó ń gba inú gbodo kọjá."

Àwọn èèyàn wo ara wọn. Ìyá Títílọpẹ́ pòṣé.

"Ẹ ṣí àpótí kí gbogbo wa rí i," ni Morìnsọ́lá wí.

"Kò ṣeé ṣe. Òfin kò gbà á."

"Òfin wo?"

"Òfin iná oòrùn ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Abala kejìlélógún ló wà."

"Àṣé?" Morìnsọ́lá tú gèlè rẹ̀. "Òfin yẹn kò tíì dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Orí tábìlì mi ló wà, abala mọ́kànlá péré ni mo sì tíì kọ. Ta ló bá mi kọ mọ́kànlá yòókù?"

Ẹnjinníà wò ó dáadáa. Ó jọ pé ohùn yẹn kò ṣàjèjì sí i. Ojú rẹ̀ sáré yí gbàgede ká, ó sì bà lé ẹsẹ̀ àgbẹ̀ kan tó gbé àdá lé èjìká. Bàtà àgbẹ̀ náà dúdú, ó ń dán, okùn rẹ̀ sì lọ sókè dé ọrùn ẹsẹ̀. Sájẹ́ǹtì ti gbàgbé láti pààrọ̀ bàtà.

Ó ju àkẹtẹ̀ lu Sájẹ́ǹtì lójú, ó sì fẹsẹ̀ fẹ. Ó fò lórí agbọ̀n ata, ó yẹ̀ fún ọlọ́pàá kan, ó ta ìkejì nù, ó bẹ́ sínú pikọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ kò dún.

Ó tún un yí. Kò dún rárá. Bí ó ṣe gbójú sókè, Láyí ló rí níwájú ọkọ̀, tó gbé bátìrì pikọ́ọ̀bù náà mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ ọwọ́.

"Ẹnjinníà," ni Láyí wí, "oòrùn wà lókè. Ẹ fi wa á."

Ẹ̀rín tí Ìdí-Àfọ̀n rín lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní wọ́n gbọ́ ọ dé oko kòkó. Sájẹ́ǹtì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ó ń fọwọ́ ra imú. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè lójú ẹsẹ̀, kí ooru rẹ̀ tó lọ.

"Kí lorúkọ rẹ?"

"Olúkáyọ̀dé."

"Irọ́!"

"Orúkọ kì í ṣe irọ́, sà. Ẹnjinníà ni irọ́. Irin àlòkù ni mò ń rà."

"Wáyà dà?"

"Ó wà nínú ọgbà kan lọ́nà Ìdó. Ẹ má nà mí, mi ò tíì tà á. Tíránsífọ́mà ni mò ń dúró dè, kí n lè kó gbogbo rẹ̀ lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ta ló kọ́ ẹ ní irú olè yìí?"

Olúkáyọ̀dé fi ẹnu júwe Morìnsọ́lá. "Àǹtí yìí ni. Mò ń gẹrun lọ́wọ́ ní Ọyẹ́-Èkìtì, rédíò ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n ní ibi tí wáyà kò bá dé. Mo ní, háà, wáyà tí kò ṣiṣẹ́ mà pọ̀ ní ilẹ̀ yìí o. Tí mo bá lọ gé e lóru, wọ́n á dáná sun mí. Mo wá rò ó pé ẹ jẹ́ kí àwọn tó ni ín gé e fún mi."

Wọ́n bá wáyà lọ́gbà náà ní kíká, gbogbo rẹ̀ pé. Sájẹ́ǹtì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bá Bàbá Adéwùnmí wá bàtà rẹ̀. Ó ní nísinsìnyí tí ẹni tó tan àwọn ará abúlé ti jẹ́wọ́, wọn kì í ṣe ọ̀daràn mọ́, ẹlẹ́rìí ni wọ́n. Bàbá di okùn bàtà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Nígbà tó dìde, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, kò sì jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi délé.

Iléeṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná so wáyà padà sórí òpó. Iná dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ìlú hó yèè, àwọn ọmọdé ń sáré kiri. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, bí Bàbá Adéwùnmí ṣe dé àárín ẹ̀kọ́ kíkà kejì, fáànù ṣọ́ọ̀ṣì rọra ń dúró, ó dúró. Gbogbo ìjọ gbójú sókè. Wọ́n dúró de iná títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, wọ́n dúró dè é di ọ̀sẹ̀ kejì, kò padà wá.

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ náà, bàbá bá ọmọ rẹ̀ lábẹ́ igi àfọ̀n. Kò ṣàwàdà.

"Morìn, wáyà wa ti padà. Uná ti lọ. Nínú òfin tìrẹ, níbo la wà?"

Morìnsọ́lá gbójú sókè wo wáyà lórí òpó. Olè ti rí ihò inú òfin yẹn ṣáájú òun tó ń kọ òfin, ìtìjú ńlá sì ni fún un.

Nígbà tó padà dé Adó, ó fa ọ̀rọ̀ tó ní "níbi tí wáyà kò dé" nínú àbá òfin rẹ̀ nù. Ó kọ ọ́ pé níbi tí iná kò bá dé, bí wáyà ibẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ bí ìtàkùn. Ó mọ̀ pé àwọn àgbà lọ́yà yóò bá òun jà lórí rẹ̀, ó sì ti múra ìjà. Lẹ́yìn náà ló rántí Ìyá Títílọpẹ́, tó ti lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lẹ́ẹ̀mejì láti béèrè ìgbà tí wọ́n máa dá gíláàsì tí òun ń sá gbodo sí padà, tí Sájẹ́ǹtì sì ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹ̀rí ni, kọ́ọ̀tù ló ni ín. Ó rántí páńẹ́lì gidi tí yóò dé lọ́jọ́ kan. Ó kọ abala kejìlá: ibikíbi tí ìjọba bá gbé páńẹ́lì oòrùn sí, kó kọ́kọ́ ṣe pèpéle tó gbóná, tó ga ju ewúrẹ́ lọ, fún àwọn ará ìlú láti máa sá gbodo.

Ọ̀gá rẹ̀ kà á, ó gbé awò ojú sókè, ó bi í pé kí ni gbodo ń wá nínú òfin iná. Morìnsọ́lá fa àga kan fún un, ó ní kó jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn.